Ìbéèrè Ilé Arìnrìn-àjò

"Ta ni ó ni ẹni yìí?"

Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ náà, ohùn tí kò le, tí kò sì rọ̀ jù, bí ohùn nọ́ọ̀sì tí ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó béèrè, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún béèrè. Ọ̀rọ̀ náà ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn òbí jókòó sí, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ láàárín wọn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí Ilé Arìnrìn-àjò sí etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè náà kò tíì rí ìdáhùn tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìbéèrè mìíràn lórí ilẹ̀ tí ìjọba tún ń bi ọmọ ìlú.

Fẹ̀hìntọlá Ọ̀nàsànyà, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ ilẹ̀-ayé, jókòó sí ìpẹ̀kun àga gígùn kan, ó kọ ẹ̀yìn sí yàrá tí wọ́n tẹ́ Bọ́sẹ̀dé ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá Awóbọ̀dé, ni ó ní kí ó jókòó bẹ́ẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà ṣèèṣì yà síbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé láti ìgbà tí Bọ́sẹ̀dé ṣì wà ní kékeré. Nínú àwọn tí òfin ń pè ní òbí, òun nìkan ni ó kù.

"Má wẹ̀yìn," bàbá náà wí. Igi tí ó fi ń rìn wà láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. "Òbí kì í rí òkú ọmọ. Màá wọlé, màá dáhùn, a ó gbé e kúrò níbí. Àwọn ọ̀dọ́ ilé á sin ín síbi tí ìwọ kò ní mọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Wọ́n ní òbí nìkan ni, Bàbá."

"Èmi wá ni kí ni? Ta ló gbé e jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ? Nígbà tí àbúrò mi lọ, ta ló rán an níléèwé?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. Kí irin náà béèrè."

Ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jáde, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó kí wọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún bàbá náà, bí àyè ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbà á mọ. Bàbá Awóbọ̀dé na ọrùn, ó ka orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀.

"Kúforíjì," ó kà á sókè. "Ikú foríjì ọ́ tán, o wá lọ ń bá a ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, bàbá." Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ dákun, a kì í dárúkọ ikú níbí. Arìnrìn-àjò là ń pè wọ́n. Ẹ̀gbà ọwọ́ yín ń gbọ́."

Fẹ̀hìntọlá wo ẹ̀gbà ọwọ́ tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn Ẹ̀pẹ́ ni ó ní irú rẹ̀, láti orí ọmọ tuntun dé orí arúgbó: òrùka rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó ń ka ìlù ọkàn, tí ó ń gbọ́ ohùn, tí ó sì ń kó gbogbo rẹ̀ lọ fún Òṣùwọ̀n, ẹ̀rọ ńlá tí ìjọba fi ń mọ ohun tí ará ìlú ń fẹ́. Bí ara bá balẹ̀, a tàn bí ewé. Bí kò bá balẹ̀, a pọ́n. Tirẹ̀ ti pọ́n láti àárọ̀.

Bàbá Awóbọ̀dé dìde, ó ṣe fìlà rẹ̀ dáadáa, ó sì wọlé. Kúforíjì kò ti ilẹ̀kùn pa dé òpin, nítorí náà Fẹ̀hìntọlá gbọ́ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

"Ta ni ó ni ẹni yìí?"

"Àwa ni a ni ín. Ìdílé Ọ̀nàsànyà, ní Òkè-Balógun."

"Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó dáhùn."

"Èmi, Awóbọ̀dé. Bàbá rẹ̀ ni mí."

"Ẹ gbé ọwọ́ lé àwo tí ó wà níwájú yín."

Fẹ̀hìntọlá gbọ́ bí ọwọ́ bàbá náà ti kan àwo.

"Ẹ̀jẹ̀ yín kò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tún un ṣe, ilé yìí yóò dá yín dúró."

Nígbà tí ó jáde, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Ó jókòó. Ọkùnrin apẹja kan tí ó wà ní àga ọ̀kánkán mi orí sí i, bí ẹni tí ń kí àlejò káàbọ̀ sí agbo. Òun náà ti rán àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ti rán aládùúgbò, ó ti rán pásítọ̀ ìjọ rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ kan náà ní ọrùn ọwọ́.

Bàbá Awóbọ̀dé kò purọ́. Ó yẹ kí a sọ èyí ní kedere, nítorí ẹ̀sùn náà dùn ún ju bí ó ti jẹ́wọ́ lọ. Nínú agbo ilé tí ó ti dàgbà, ọmọ àbúrò ẹni, ọmọ ẹni ni, ẹni tí ó bá sì dúró lójúde tí ó ń béèrè pé èwo ni ti ta nínú àwọn ọmọ tí ń ṣeré, àlejò tí kò mọ̀wà hù ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ agbo ilé. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ àìmọ̀kan lásán ni, ènìyàn ì bá foríjì í, gẹ́gẹ́ bí a ti ń foríjì ọmọdé tí kò tíì mọ ẹni tí a ń kúnlẹ̀ kí. Ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé kì í ṣe àìmọ̀kan.

"Irin pè mí ní òpùrọ́," bàbá náà wí nígbà tí ó yá.

"Ẹ má bínú, bàbá," Kúforíjì dáhùn. "Ìyá tàbí bàbá tó bí i gan-an ni. Òfin ni. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ojú arìnrìn-àjò náà nígbà tó bá ń dáhùn. Ẹ̀rọ ń wo ẹyinjú."

"Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn ńkọ́?" Fẹ̀hìntọlá béèrè. Kò wẹ̀yìn.

"Oṣù tuntun máa lé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mà. Ọkọ̀ á wá kó gbogbo wọn."

"Lọ síbo?"

"Ìrìn-àjò, mà."

"Ìmọ̀ ilẹ̀-ayé ni mo fi ń jẹun. Kò sí ìlú kan tó ń jẹ́ Ìrìn-àjò."

Kúforíjì wo bàtà ara rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀gbà tirẹ̀ kí ó tó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí apẹja tí ó wà lọ́ọ̀kánkán kò lè gbọ́.

"Ibi tó jìn jù nínú ọ̀sà ni. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́."

Fóònù kọrin nínú àpamọ́wọ́ Fẹ̀hìntọlá. Ó mọ ẹni tí ó ń pè kí ó tó yọ ọ́, nítorí láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìwọ́de ni ó ti ń pè. Bàbá Awóbọ̀dé yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin náà gbé e sí etí.

"Màmá mi, ẹ káàsán. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Kò tíì jẹun. "Ibo lo wà?"

"Mo ṣì wà lọ́nà, Màmá. Ọ̀nà náà dára. Ẹ má dààmú nítorí mi."

Ohùn Bọ́sẹ̀dé ni. Kò sí ibi tí ènìyàn lè mú kí ó sọ pé kì í ṣe òun: bí ó ti máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, ikọ́ kékeré tí ọyẹ́ máa ń fún un, bí ó ti máa ń mí kí ó tó rẹ́rìn-ín. Òṣùwọ̀n ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ẹ̀gbà sí i lọ́wọ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, kò sì sí ohun tí ó sọ rí tí kò sí ní ìpamọ́. Fẹ̀hìntọlá mọ gbogbo èyí. Síbẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù náà mú, bí ẹni tí ó di ọwọ́ ọmọ mú láàárín èrò.

"Bọ́sẹ̀dé, mo ní kí o má lọ sórí afárá yẹn."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ǹ bá ti gbọ́ tiyín."

Ó pa fóònù náà, ó gbé e lé orí itan.

"Kí ló sọ?" Bàbá Awóbọ̀dé béèrè.

"Ó ní òótọ́ ni mo sọ."

Bàbá náà mọ ohun tí ó ń wí. Láti ìgbà tí Bọ́sẹ̀dé ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò gbà rí pé òótọ́ ni ẹnìkan sọ kí ó má fi "ṣùgbọ́n" kan tẹ̀ lé e. Lọ́yà Ṣùgbọ́n ni bàbá rẹ̀ ń pè é kí ó tó di olóògbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìwọ́de náà, Bọ́sẹ̀dé dúró níwájú ẹ̀rọ ìdáná, ẹ̀rọ náà sì ti se ògì àti àkàrà sílẹ̀ fún un kí ó tó jí, nítorí Òṣùwọ̀n ti mọ ohun tí yóò wù ú.

"Ẹ wò ó, Màmá," ó wí. "Àkàrà gan-an ló wù mí. Kò ṣìṣe. Kì í ṣìṣe."

"Kí wá ni ẹjọ́ rẹ? Nígbà tí àwa ń dìbò, a kì í mọ ohun tí a fẹ́. A ń jà, a ń jí àpótí. Òṣùwọ̀n mọ ohun tí gbogbo wa fẹ́, ó sì ń sọ ọ́ fún Ìgbìmọ̀."

"Mo gbà pé ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo gbà síṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bi mí kí ó tó ṣe é. Ẹni tí ó ń ṣe é fún mi láìbi mí, bó ti wù kó ṣe é dáadáa tó, ọ̀gá mi nìyẹn. Ẹran ọ̀sìn ni wọn kì í bi léèrè ohun tó fẹ́ jẹ, Màmá. Wọ́n sì máa ń mọ̀ ọ́n."

Fẹ̀hìntọlá kàn ní kí ó má lọ. Bọ́sẹ̀dé jẹ àkàrà náà tán, ó wẹ ọwọ́, ó fi bírò kọ "Ẹ bi wá" sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì jáde láti lọ darapọ̀ mọ́ àwọn tí ń pé jọ sórí Afárá Ọ̀sà.

Wọn kò yin ìbọn fún wọn. Ìbọn ń dá ọgbẹ́, ọgbẹ́ sì ń jẹ́rìí. Àwọn tí ó wà ní etí omi ní ọjọ́ náà sọ pé orin ni wọ́n ń gbọ́ láti orí afárá, orin tí kò ní ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, "Ẹ bi wá, ẹ bi wá," títí àwọn ẹ̀rọ afòlókè fi dé, tí wọ́n tò bí ìlà aṣọ tí a sá sí ojú ọ̀run. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ajá ìlú gbó lẹ́ẹ̀kan náà. Etí ènìyàn kò gbọ́ ìró tí àwọn ẹ̀rọ náà rán sílẹ̀. Àwọn tí ó wà lórí afárá dùbúlẹ̀, apá kan dìde lẹ́yìn náà, apá kejì kò dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìgbìmọ̀ Ìfọ̀kànbalẹ̀ kéde lórí afẹ́fẹ́ pé kò sí ẹnìkan tí ó kú. Àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n ní, ti yan ìrìn-àjò.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín, mà," Kúforíjì wí. Ó jókòó sí orí àga náà, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti obìnrin náà, bí ó ti yẹ. Ó tún bo ẹ̀gbà rẹ̀. "Àbúrò mi sùn sí yàrá kejì sí ìyẹn lọ́dún tó kọjá. Dípẹ̀olú. Ẹ̀gbọ́n ni mí, mi ò lè dáhùn. Màmá wa ò wá. Àwọn àgbà ilé ní òbí kì í wá. Mo dúró tì í títí ọkọ̀ fi dé."

"Ìyá yín ńkọ́ báyìí?"

"Wọ́n wà ńlé. Ara wọn le. Dípẹ̀ ń pè wọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga síta, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín." Ó tún ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bò dáadáa. "Wọ́n ti ń wá ìyàwó fún un."

Apẹja náà wúkọ́. Nínú yàrá, ẹ̀rọ tún béèrè ìbéèrè rẹ̀.

"Ṣé wọn ò mọ̀ ni?" Fẹ̀hìntọlá béèrè.

"Wọ́n mọ̀, mà. Wọ́n mọ̀ láàárọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn ò mọ̀ mọ́."

"Ṣé ó sàn bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí mo ń bi ara mi nìyẹn. Inú wọn dùn. Èmi ni inú mi ò dùn, èmi sì ni mo mọ òótọ́." Ó dìde. "Bí ẹ bá dáhùn, ohùn yẹn á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní pè mọ́ láéláé. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fún yín. Ohun kan sì tún wà. Ẹ má sọ pé ó ti sùn. Ẹ má sọ pé ó ti lọ, ẹ má sọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀rọ á gbà pé ìrìn-àjò náà lẹ ń sọ. Ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe rí."

Nígbà tí ó ti lọ sọ́dọ̀ apẹja, Bàbá Awóbọ̀dé fi igi rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Mo rí ohun tí o ń rò, Ìyàwó. Má rò ó."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló kọ òfin yìí?"

"Ìgbìmọ̀ ni."

"Ọmọ ibo ni wọ́n?"

Bàbá náà yí igi ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ilé tí wọ́n bí alága Ìgbìmọ̀ sí kò jìnnà sí tiwọn. Wọ́n jọ ń pọnmi ní ẹ̀rọ kan náà nígbà kan.

"Ọmọ ibí ni wọ́n," ó wí.

"Bí ó bá jẹ́ àlejò ló kọ ọ́, ì bá ní kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wá dáhùn, torí kò ní rí ìdí tí kò fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ì bá sì ti dáhùn. Ẹni tó mọ̀ pé òbí kì í rí òkú ọmọ nìkan ló lè kọ ọ́ pé òbí nìkan ni kó wá wò ó. Wọn ò ní kí á má wá, Bàbá. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n mọ̀ pé àwa fúnra wa la máa bá wọn tì í."

"Mo gbọ́. Ìkà ni wọ́n. Àṣà wa kọ́ ló ṣe ìkà náà."

"Àṣà wa kọ́."

"Kí ló dé tí ìwọ wá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́?" Ohùn bàbá náà gbọ̀n. "Ṣé o rò pé àwọn tó fi àṣà náà lélẹ̀ kò lójú àánú ni? Wọ́n ti rí ìyá tó rí òkú ọmọ rẹ̀ rí. Wọ́n rí ohun tó dà. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹni tó bá wá rí òdìkejì rẹ̀, wọ́n ní kí ó má fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àánú ni. Mojírádé, ọmọ rẹ tó kù, sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú oyún àkọ́kọ́. Ojú tó bá rí òkú ọmọ kan kì í pẹ́ rí òmíràn. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Àwọn tó bí wa ló sọ ọ́."

Yóò rọrùn láti sọ pé Fẹ̀hìntọlá, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ka ọ̀rọ̀ náà sí ìtàn àgbà lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbà á gbọ́. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ náà ni ó bá Mojírádé sọ̀rọ̀, ọmọ náà kò sì sọ ju pé "Màmá, ẹ̀rù ń bà mí" lọ, kò ní kí ó lọ, kò ní kí ó má lọ. Ohun tí Fẹ̀hìntọlá gbé lé òṣùwọ̀n ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ìgbàgbọ́ àti àìgbàgbọ́. Ọmọ méjì ni, ọ̀kan tí ó wà láàyè tí ó lè fara pa, àti ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ sọ di ẹni tí kò wà rí. Pẹ̀lú ohùn kan tí yóò máa bi í ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bóyá ó ti jẹun, títí òun náà yóò fi dákẹ́.

"Ẹ̀yin àti èmi la jọ mọ̀ pé Bọ́sẹ̀dé gbé ayé," ó wí. "Bí ọkọ̀ bá gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ̀rọ á máa kà á mọ́ àwọn tí inú wọn dùn sí Ìgbìmọ̀. Ohùn rẹ̀ á máa sọ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Títí láé, Bàbá. Bọ́sẹ̀dé."

Bàbá Awóbọ̀dé fi ọwọ́ pa ojú.

"Wọ́n ní kò sí ẹnìkan tó kú lórí afárá," Fẹ̀hìntọlá tẹ̀ síwájú, jẹ́jẹ́, bí ó ti máa ń ṣe fún ọmọ tí iṣẹ́ ṣòro fún. "Bí ẹnìkan bá ní kò sí ẹyẹlé funfun kankan ní Ẹ̀pẹ́, ẹyẹlé mélòó la máa fi hàn án kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di irọ́?"

"Ẹyọ kan," bàbá náà dáhùn láìfẹ́.

"Mi ò lè jí ẹnikẹ́ni dìde. Ẹyọ kan ni mo ní. Àánú ni àṣà yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa, Bàbá. Wọ́n fi ń bo ojú ara wọn. Bí mo bá padà sílé báyìí, ta ni mo ṣàánú fún?"

Ó dìde. Ó gbé fóònù náà lé orí àga, ní ibi tí ó ti jókòó, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé, nítorí ó ti ń tú.

"Kí ni màá sọ fún àwọn ará ilé?" Bàbá Awóbọ̀dé béèrè. Kò bínú mọ́. Arúgbó tí ó rẹ̀ ni ó kù.

"Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n bi mí."

Bàbá náà dìde pẹ̀lú, ó fi igi rẹ̀ ti ara. Kò lè bá a wọlé, kò sì lè dá a dúró. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà kò rí i kí ó ṣe ní gbangba rí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orí funfun níbẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri. Apẹja náà dìde nítorí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmọ ohun tí wọ́n dìde fún.

Yàrá náà tutù, kò sì ní fèrèsé. Gíláàsì dúdú kan bo orí ibùsùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kúforíjì fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó gbé ojú sí ilẹ̀. Òkùnkùn inú gíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń fà: bàtà kan, pẹ̀lú iyanrìn afárá lára rẹ̀, ẹsẹ̀ kejì tí kò ní bàtà, aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ bá a rán etí rẹ̀, ọwọ́ òsì, tí wọ́n ti bọ́ ẹ̀gbà kúrò lára rẹ̀, tí ibi tí ẹ̀gbà náà ti wà láti ọjọ́ ìbí sì funfun bí ìlà ẹfun. Fẹ̀hìntọlá fẹ́ kí ó dúró níbẹ̀. Kò dúró. Ó dé ọrùn, ó dé ojú.

Bọ́sẹ̀dé ni. Irun tí Mojírádé dì fún un kò tíì tú. Ẹnìkan ti nu ẹ̀jẹ̀ kúrò ní etí rẹ̀, kò sì nù ún tán. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ti ẹni tí ó fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà.

"Ta ni ó ni ẹni yìí?"

Fẹ̀hìntọlá sún mọ́ gíláàsì náà. Ara rẹ̀ gbogbo ni ó ń sọ fún un pé kí ó mú ojú kúrò: ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ tí ó kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin tí wọ́n ti jókòó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn rí. Kò mú ojú kúrò. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ pọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn lára gíláàsì, lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà.

"Ta ni ó ni ẹni yìí?"

Ó rò ó láti sọ pé ó ti sùn. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì dùn ún láti gbé e mì. Láti ẹ̀yìn, ó gbọ́ tí Kúforíjì ń mí bí ẹni tí ń sunkún láìfẹ́ kí a gbọ́, ó sì mọ̀ pé ọmọkùnrin náà kò tíì rí òbí kankan nínú yàrá yìí rí.

"Ta ni ó ni ẹni yìí?"

Ó gbé ọwọ́ lé àwo náà, ojú rẹ̀ sì wà lára ojú ọmọ rẹ̀.

"Èmi Fẹ̀hìntọlá ni mo bí i," ó wí. "Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kú."